Olùtọ́jú Pẹ̀lú Yẹ ní Títọ́jú

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Ní irú ìpàdé báyìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ omi àti ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni a sábà máa ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí. Ṣùgbọ́n lónìí, a bẹ̀bẹ̀ kí ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ wọ inú yàrá, níbi tí ìyá tàbí bàbá wa gbé dùbúlẹ̀, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù, tàbí tí iyè rẹ̀ ń rà nítorí ogbó. Kì í ṣe ti ẹni tí ó dùbúlẹ̀ ni a fẹ́ sọ. Ti ẹni tí ó dúró tì í ni.

Àwọn baba wa sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti ń rí nínú agbo ilé wa: òkété a bí ọmọ márùn-ún, ọmú ọmọ kan ṣoṣo ni yóò sì máa mu. Ọmọbìnrin tí ó súnmọ́ ilé jù, tàbí ìyàwó ilé, ni gbogbo iṣẹ́ náà já lé léjìká. Òun ní í jí ní ìdájí láti nu àgbà náà lára kí ó tó lọ ṣí ìsọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, a ní láti máa yí i sí ìhà kejì ní nǹkan bí wákàtí 2 sí ara wọn, kí ara rẹ̀ má baà dá egbò. Ta ní í ṣe èyí lóru? Ẹnì kan náà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba, púpọ̀ nínú yín ni ó ń fi iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà jẹun. Ẹ mọ̀ pé òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1998 fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìsinmi wákàtí 11 láàárín iṣẹ́ ọjọ́ kan sí èkejì, àti ọjọ́ kan gbáko lọ́sẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2024, òfin ibẹ̀ tún gba òṣìṣẹ́ tí ó ń tọ́jú aláìlera tirẹ̀ láyè láti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 1 lọ́dún, bí wọn kò tilẹ̀ ní láti sanwó rẹ̀. Arábìnrin yín tí ó wà nílé ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Kò gba owó oṣù, kò ní ọjọ́ ìsinmi, kò sì sí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú.

Ẹni tí kò sùn tó a máa ṣi oògùn àárọ̀ lò ní alẹ́, a sì máa jágbe mọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn. Bí òun náà bá ṣubú, aláìsàn di méjì nínú ilé kan.

A mọ̀ pé kò ní àyè. Nítorí náà, ohun díẹ̀ tí kò gba àkókò púpọ̀ ni a ó dárúkọ.

Èkíní, kí ó jẹun. Kí òun àti aláìsàn jọ jẹun, kí ó má ṣe máa dúró de ìṣẹ́kù.

Èkejì, kí ó sùn nígbà tí aláìsàn bá sùn lọ́sàn-án. Aṣọ fífọ̀ yóò dúró dè é. Ó kéré tán, oorun wákàtí 7 ni ó tọ́ sí àgbàlagbà lójúmọ́. Èyí tí òru kò fún un, kí ó gbà á lọ́sàn-án.

Ẹ̀kẹta, kí ó ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ gbé aláìsàn dìde, kí ó ya ẹsẹ̀, kí ó tẹ orúnkún dípò ẹ̀yìn, kí ó sì fa aláìsàn mọ́ra. Kí ó má jẹ́ kí ó so mọ́ òun lọ́rùn. Bí ẹnì kejì bá wà nítòsí, kí ó pè é.

Ẹ̀kẹrin, nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń wo ìfúnpá Màmá, kí òun náà na apá tirẹ̀. Bí ti òkè bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, tí ó sì tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, kí ó lọ rí dókítà.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó máa jáde. Ìrìn ìṣẹ́jú 20 tàbí ìsìn kan a máa tu ọkàn lára. Kí ó sì ní ẹnì kan tí yóò lè sọ fún pé, “Ó rẹ̀ mí.” Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro láti sọ láàárín wa, nítorí bí ó bá ti jáde lẹ́nu, àwọn kan yóò béèrè pé, “Ìyá tí ó pọ̀n ọ́ ńkọ́, ṣé kò rẹ òun?” Ẹ jẹ́ kí a jáwọ́ nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Àárẹ̀ kì í ṣe ìkà, ẹni tí ó rẹ̀ kì í sì í ṣe aláìmoore.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ń ra oògùn, ẹ ṣeun. Kò lè ra oorun, àfi bí a bá fi apá kan rẹ̀ gba ẹni tí yóò dúró ti àgbà náà ní ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n kọ orúkọ sínú ìwé: ta ni yóò wá ní ọjọ́ Sátidé, ta ni yóò sùn tì í ní òru Sọ́ńdè. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wálé fún ọdún, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan nínú ìsinmi yín gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ arábìnrin yín, kí òun lọ kí àwọn ọmọ tirẹ̀. Bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ láago, kí ẹ tó béèrè pé, “Màmá ńkọ́?” ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, “Ìwọ ńkọ́, ṣé o rí oorun sùn?”

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a dàgbà, kí a rí ẹni tí yóò tọ́jú wa. Kí ẹni náà sì rí ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.