Ìtara Wa Nínú Ìgbàgbọ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú ìlú wa)



Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí àwa wá sọ̀rọ̀ lórí ìtara nínú ìgbàgbọ́ Kristi, ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ pa wá. Ta ni yóò sọ pé ìlú wa kò ní ìtara? Ní ọjọ́ ìkórè, ìlù kì í dákẹ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá a bo gbogbo àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Bí a bá sì ń ṣe ìṣọ́ òru, àwọn ará abúlé kejì a máa gbọ́ àdúrà wa. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu èyíkéyìí nínú wọn. Àwa fúnra wa darí akọrin fún ọdún púpọ̀, a sì fẹ́ràn kí ohùn ròkè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń dùn wá, tí a kò tíì sọ ní gbangba rí. Ìyá àgbà kan wà ní àdúgbò wa, ìyá elépo, ẹni tí kì í pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó mọ orin sórí, ó mọ Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì sórí, ṣùgbọ́n kò mọ ìwé kà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí akọrin ti ń túká, ó wá bá wa ní ẹnu ọ̀nà, ó ní, “Tíṣà, ọmọ mi, ó wù mí kí n fi ojú ara mi ka ìwé Jòhánù kí n tó kú. Ṣé ẹ lè kọ́ mi?” A ní kò burú, kí ó jẹ́ kí a parí orin ìkórè ná. Ìkórè parí, a ní ó di ẹ̀yìn Kérésìmesì. Kérésìmesì kọjá, ìdánwò àwọn ọmọ ilé-ìwé dé. Kò bínú, ńṣe ni ó ń gbé epo wá fún ìyàwó wa. Kí Àjíǹde ọdún kejì tó dé, ìyá ti lọ. Àwa ni a darí orin níbi ìsìnkú rẹ̀, gbogbo ènìyàn sì yìn wá pé orin náà dùn.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bi ara wa léèrè ohun tí à ń pè ní ìtara. Ẹ jẹ́ kí a wo Àjàyí Crowther, ẹni tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀. Ọmọ Òṣogùn ni. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ní 1825 ni ó ṣe ìrìbọmi. Bí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, àwọn ọmọ ilé-ìwé wa lè rò ó fún yín. Irú iṣẹ́ tí ó gba agbára rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ kíyè sí.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1845, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Badagry, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣódẹkẹ́ tí ì bá gbà wọ́n ní àlejò ti kú, ogun sì dí ọ̀nà. Ó di oṣù kẹjọ 1846 kí wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta. Fún odindi ọdún kan àti ààbọ̀ yìí, Crowther kò káwọ́ gbera: ó ń wàásù, ó ń kọ́ni, ó sì ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí èdè wa. Ní oṣù tí ó dé Abẹ́òkúta náà ni ó rí ìyá rẹ̀, ẹni tí kò fojú kàn fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi.

Nígbà tí ó di 1862, iná jó ilé rẹ̀ ní Èkó. Ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ ni ó dùn ún jù lọ. Púpọ̀ nínú ohun tí ó kù láti tẹ̀ jáde nínú ìwé márùn-ún Mósè jóná, àti àwọn ọ̀rọ̀ òun òwe Yorùbá tí ó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣà jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ẹnu àwọn ènìyàn. Ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ àwa ni, bóyá à bá ti pe àpérò lórí ẹni tí ó fi iná sí i. Crowther tún gbé kálámù. Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, tí Thomas King wà nínú wọn, ni wọ́n ṣiṣẹ́ náà, títí odindi Bíbélì fi jáde ní Yorùbá láàárín 1880 sí 1890. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891 ni ó kú. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lu ìlù fún un ní alẹ́ tí ó tún jókòó ti tábìlì lẹ́yìn iná.

Nítorí irú ìyá elépo wa ni a ṣe ṣe làálàá náà. Ìwé dé ọwọ́ wa tán, ó wà lórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá kú láìkà á, nítorí pé àwa ń wá ẹni tí yóò kọ ohùn tẹ́nọ̀.

Àwọn kan ti sọ fún wa pé iṣẹ́ ìjọba ni kíkọ́ àgbà ní ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyá kò lọ bá ìjọba. Ọ̀dọ̀ wa ni ó wá. Àwọn mìíràn ní ojú àgbà ti ṣú. Èyí jẹ́ òtítọ́ fún púpọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ sì ni a ti nílò yín.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni a bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kan fún àwọn àgbà, ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, ní aago méje. Obìnrin mẹ́fà àti ọkùnrin kan ni ó ń wá. Àwa mẹ́ta ni à ń kọ́ wọn, a kò gba kọ́bọ̀. Ìwé ABD tó wa. Ohun tí kò tó ni awò ojú fún ìwé kíkà, àti Bíbélì tí a fi lẹ́tà ńlá tẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní òkè òkun, bí ẹ bá rí èyíkéyìí, ẹ fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Awò kan ṣoṣo ni àwọn ìyá méjì ń lò nísinsìnyí. Bí èkínní bá ka ìlà kan tán, yóò bọ́ ọ fún èkejì, àwa yóò sì dúró.