Eyín Dídùn, Ìbẹ̀rù àti Owó: Ọ̀rọ̀ Alága sí Àpéjọ Ọdọọdún Ẹgbẹ́

 

Lọ́dọọdún, ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú àti ọ̀rọ̀ ọjà ni ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu alága. Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ eyín ni a fẹ́ sọ. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa, eyín náà ni a fi ń rẹ́rìn-ín.

Àwa tí à ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ó ju ogún ọdún lọ tí a fi ń bẹ̀rù dókítà eyín. Nígbà tí a wà lọ́mọdé nílé, bàbá kan wà ládùúgbò tí ń yọ eyín. Ẹ̀mú ni ó fi ń yọ ọ́, kò sí abẹ́rẹ́, ọkùnrin méjì ni yóò di ọmọ mú. Igbe ọmọ kan tí wọ́n yọ eyín rẹ̀ lójú wa kò kúrò létí wa títí a fi dé Johannesburg. Nígbà tí àkokoro wá mú wa, a ní a ò lọ. A fi aspirin sẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín, ó bó wa ní èrìgì. A ra kápúsù, ìrora lọ, ó tún padà. Ohun tí à ń wí fún ìyàwó ni pé kò sówó, pé a kò ní medical aid. Òótọ́ ni pé a kò ní in, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni a fi ọ̀rọ̀ owó bò mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, tí a kò lè la ẹnu mu ẹ̀kọ mọ́, ni a tó lọ. Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí kò ju àkọ́bí wa lọ, sọ fún wa pé: “Baba, bí ibẹ̀ bá ti wú tí ó ti ń ṣe ọyún, abẹ́rẹ́ tí ń mú ẹnu kú kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé. Ìbẹ̀rù ìrora ni kò jẹ́ ká tètè lọ. Àìtètè lọ náà ni ó sì ń mú ìrora wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó. Ihò kékeré, wọn yóò dí i. Bí ó bá dé ibi iṣan eyín, ó di yíyọ, tàbí iṣẹ́ ńlá tí owó rẹ̀ pọ̀ ju ti dídí lọ fíìfíì. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Wọ́n fún wa ní oògùn, wọ́n ní ká padà wá. Nígbà tí a padà lọ, abẹ́rẹ́ náà kò ju ìgbà tí èèrà bá ta ni lọ. Kò sí igbe. Ohun tí a fi ogún ọdún bẹ̀rù kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ṣùgbọ́n eyín tí wọn ì bá dí ti lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrora nìkan. Ọyún eyín ìsàlẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ sí abẹ́ àgbọ̀n àti ọrùn, kí ó sì dí ọ̀nà èémí. Ó ń pa èèyàn. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ bá wú, tí ibà mú un, tí kò lè gbé itọ́ mì tàbí tí kò lè mí dáadáa, kí ó má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ó gbà lọ lóru ọjọ́ náà. Òfin ńlá orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1996, apá 27, sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. “Ẹnikẹ́ni” ni òfin wí.

Níbo wá ni ẹni tí kò ní medical aid yóò lọ? Èkíní ni klíníìkì ìjọba. Òfin ìlera ọdún 2003 sọ pé ìtọ́jú ìpele àkọ́kọ́ níbẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹni tí kò sí nínú medical aid. Kì í ṣe gbogbo klíníìkì ni ó ní dókítà eyín, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tí ó ní àti ọjọ́ rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń yọ eyín níbẹ̀ ju kí wọ́n dí i lọ. Ẹ jí lọ ní kùtùkùtù, ẹ mú ìwé yín dání.

Èkejì ni ilé ìtọ́jú eyín Yunifásítì Wits, ní ilé ìwòsàn Charlotte Maxeke ní Parktown, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní Joburg Gen, bí wọ́n tilẹ̀ ti yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2008. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, olùkọ́ wọn sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò tó ti aládàáni, ẹni tí ó ń bẹ̀rù sì máa ń fẹ́ ẹni tí kò kánjú. Wọn yóò béèrè ìwé àti iye tí ń wọlé fún yín. Ẹ béèrè iye tí ẹ ó san kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni aládàáni. Ẹ ní kí ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè eyín tí kò lè dúró, kí ẹ ṣe ìyẹn ná, kí ẹ máa san án lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ní HPCSA. Ẹni tí ń yọ eyín nínú yàrá fúláàtì, ẹ sá fún un.

A mọ̀ pé àwọn kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà klíníìkì rí tí wọ́n ń lé àjèjì padà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga ní Johannesburg pa á láṣẹ fún Operation Dudula pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. A kò ní kí ẹ bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ má dá lọ, kí ẹ sì pe akọ̀wé bí wọ́n bá dí yín lọ́nà.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà bíi tiwa, ẹ sọ ọ́ fún dókítà kí ẹ tó jókòó. Ẹ jọ ṣàdéhùn pé bí ẹ bá na ọwọ́ sókè, kí ó dúró. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, àfi bí wọ́n bá ní ẹ má jẹun. Abẹ́rẹ́ náà lè mú kí àyà máa lù kìkì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Oògùn inú rẹ̀ ni, yóò lọ. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, àti aboyún, kí wọ́n sọ ọ́ ṣáájú. Nílé, pákò kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride fọ ẹnu láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ sì dín mínírà àwọn ọmọ kù.

Ó ku ti ẹgbẹ́. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, kò ní pẹ́ tí a ó fi dá owó tí yóò gbé e délé. Ó dára, a kò ní dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tí eyín ń dùn kì í rí ẹni yá a lówó. Òkú kò mọ iye tí a ra àgọ̀. Nítorí náà, a gbé e síwájú yín pé kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó oṣooṣù, kí a máa fi yá ọmọ ẹgbẹ́ fún ìtọ́jú eyín láìsí èlé. Kí a sì yan bàbá kan àti ìyá kan tí yóò máa sin ẹni tí ẹ̀rù ń bà lọ. Àwa fi orúkọ tiwa sílẹ̀ ṣáájú.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ọlọ́run yóò fún wa ní ìlera, ẹ̀rín ayọ̀ kò ní tán lẹ́nu wa.