Táàgì Rédíò Inú Ọjà: Kí Ló Mọ̀ Nípa Wa?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ìdílé níbi ìpàdé ìmọ̀ràn wa)

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kéré lójú, àmọ́ ó ń já àwọn èèyàn láyà. Àwọn kan ń wá bá wa ní ọ́fíìsì pé àwọn rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ́ bí ekòló nínú lébẹ́ẹ̀lì aṣọ ọmọ àwọn. Wọ́n á ní, "Ṣé kì í ṣe pé ìjọba ń fi nǹkan yìí mọ ilé tí à ń gbé?" Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì yanjú, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

RFID ni wọ́n ń pè é. Ọpọlọ kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ju hóró iyanrìn lọ, irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló sì ń bá a gba ìgbì rédíò. Kò ní bátìrì. Bí ẹ̀rọ tó ń kà á kò bá tíì fi rédíò kàn án, bí òkú ló rí. Bí ẹ̀rọ bá kàn án, agbára rédíò yẹn náà ló máa fi jí, á sì pe nọ́ńbà rẹ̀ jáde. Èyí tó wà lára aṣọ, ìwọ̀n mítà mélòó kan ni ẹ̀rọ ti lè kà á. Kò lè wà ní Peckham kó máa ké sí Croydon! Kò mọ orúkọ yín, kò mọ àdírẹ́sì yín. Nọ́ńbà nìkan ló mọ̀.

Ṣùgbọ́n inú nọ́ńbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo bákóòdù tó wà lára agolo mílíìkì, ìlà dúdú-dúdú yẹn. Ó dà bí ilà ojú: irú kan náà ni gbogbo ọmọ ìdílé kan ń kọ. Ẹ̀rọ á wò ó, á mọ̀ pé mílíìkì ni, kò ní mọ èwo ni nínú ẹgbẹ̀rún agolo. Táàgì rédíò ní tirẹ̀ dà bí orúkọ tí a sọ ọmọ lọ́jọ́ kẹjọ. Ṣẹ́ẹ̀tì méjì lè jọra bí ìbejì, síbẹ̀ nọ́ńbà Táíwò kì í ṣe ti Kẹ́hìndé. Tí ẹ bá wá fi káàdì báǹkì tàbí káàdì póìǹtì ṣọ́ọ̀bù sanwó, kọ̀ǹpútà wọn lè so nọ́ńbà ṣẹ́ẹ̀tì náà mọ́ orúkọ yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ̀ ọ́ padà wá, ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà lè dá yín mọ̀. Mi ò sọ pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣe é o. Mo ní ó ṣeé ṣe.

Wọ́n ti dán irú ẹ̀ wò rí. Ní ọdún 2003, ní ṣọ́ọ̀bù Tesco kan ní Cambridge, wọ́n fi táàgì sára bíléèdì Gillette. Bí oníbàárà bá mú páálí kan kúrò lórí pẹpẹ, kámẹ́rà á ya fọ́tò rẹ̀. Bó bá dé ibi ìsanwó, wọ́n á tún yà á. Olè ni wọ́n ń wá. Àmọ́ obìnrin tó wá ra bíléèdì fún ọkọ rẹ̀, kí ló jí? Àwọn èèyàn fárígá. Ẹgbẹ́ CASPIAN tí Katherine Albrecht dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n má ra Gillette mọ́, ìdánwò náà sì parí. Ní ọdún 2004, ní Rheinberg ní Jámánì, ó hàn pé ilé-iṣẹ́ Metro ti fi táàgì sínú káàdì oníbàárà láìsọ fún wọn. Ariwo ta, wọ́n kó káàdì náà kúrò. Ní 2009, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gba àwọn ṣọ́ọ̀bù nímọ̀ràn pé bí táàgì bá lè ṣàkóbá fún àṣírí oníbàárà, kí wọ́n pa á níbi ìsanwó lọ́fẹ̀ẹ́, àfi bí oníbàárà bá ní kó wà. Ìmọ̀ràn ni o, kì í ṣe òfin.

Kí la wá máa ṣe? Sísọ́ọ̀sì ni oògùn rẹ̀. Ẹ na lébẹ́ẹ̀lì páálí tàbí èyí tí wọ́n rán mọ́ inú aṣọ sókè síbi tí iná wà, ẹ ó rí irin náà. Ṣùgbọ́n ẹ wọ aṣọ wò kó tó di pé ẹ gé e, nítorí ṣọ́ọ̀bù lè kọ̀ láti gbà á padà. Ẹ pa rísíìtì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki aṣọ bọ máíkírówéfù kẹ́ ẹ lè fi jó táàgì, iná lè sọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí ṣọ́ọ̀bù kọ sílẹ̀ nípa yín, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2018 ní kí wọ́n fèsì láàárín oṣù kan, wọn kì í sì í gba owó. Ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe ti ọmọ ìlú nìkan. A ó bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ kọ ọ́.

Ti pásípọ́ọ̀tù yàtọ̀. Ti Bìrìtéènì ti ní irú ọpọlọ yìí láti 2006, ti Nàìjíríà láti 2007. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ìlà tó wà nínú ìwé náà kí ọpọlọ ọ̀hún tó dáhùn. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ má gé e. Wàhálà pásípọ́ọ̀tù tó bàjẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ju ti táàgì lọ.

Ẹ̀yin obìnrin, èyí tó ń kọ mí lóminú jù nìyí. Irú AirTag tí Apple bẹ̀rẹ̀ sí tà ní 2021, ìyẹn ní bátìrì, ó sì ń sọ ibi tó wà fún ẹni tó ni ín. Àwọn kan ń fi í sínú báàgì ìyàwó tàbí abẹ́ àga mọ́tò. Láti 2024, fóònù iPhone àti Android lè kìlọ̀ fún ẹni tí irú rẹ̀ bá ń tẹ̀ lé, bí ẹ bá ti jẹ́ kí fóònù yín gba àtúnṣe tuntun. Ẹ má fojú fo ìkìlọ̀ yẹn. Ẹ má gbé ẹ̀rọ náà lọ síbi tí ẹ fẹ́ forí pamọ́ sí, ẹ má sì jù ú nù, ẹ̀rí ni. Ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ mú un lọ bá. Bí ẹ̀rù ọlọ́pàá bá ń bà yín, ẹ kọ́kọ́ wá bá wa. Yàrá kékeré wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohun tí ẹ bá sọ níbẹ̀.