Ìrìnàjò Ọjọ́ Mẹ́jọ sí Kúbà: Ohun tí Ojú Rí àti Iṣẹ́ tí Ó Kù fún Wa



Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, Ẹlẹ́rìí Ìpín. Ìbà ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó lọ́tùn-ún, ìbà ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó lósì. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má rà á lọ́wọ́; bí ọ̀rọ̀ mi bá kù síbì kan, ẹ̀yin bàbá mi ni kí ẹ bá mi tún un ṣe.  

Ìgbìmọ̀ ọdún ní kí n wá sọ ohun tí mo rí nígbà tí mo lọ sí erékùṣù Kúbà fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ọjọ́ mẹ́jọ kò pọ̀. Ẹni tó lo ọjọ́ mẹ́jọ nílùú kò tíì di ọmọ ìlú; ohun tí ojú rẹ̀ rí ni yóò sọ. Nítorí náà, n ó mú yín rin ibi tí mo rìn, lẹ́yìn náà ni n ó wá sọ ohun tí mo rò pé ìrìnàjò náà ń béèrè lọ́wọ́ àwa tí a wà nílé.

Havana ni olú-ìlú Kúbà. Apá àtijọ́ ìlú náà, tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1982, kún fún ilé olókùúta, ojúde gbalasa àti ilé ìjọsìn ńláńlá. Lẹ́nu ọ̀nà èbúté, odi El Morro dúró lórí àpáta. Àwọn ará Sípéènì ló mọ ọ́n láti fi ṣọ́ èbúté lọ́wọ́ ọ̀tá. Nítòsí rẹ̀ ni odi La Cabaña wà, níbi tí wọ́n ti ń yin àgbá ní agogo mẹ́sàn-án alaalẹ́. Láyé àtijọ́, ìró àgbá yẹn ni àmì pé wọ́n fẹ́ ti ibodè ìlú. Lẹ́bàá òkun ni ọ̀nà Malecón wà, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́jọ. Nírọ̀lẹ́, tọmọdé tàgbà á jókòó sórí ògiri rẹ̀, wọ́n á máa gba atẹ́gùn. Mọ́tò Amẹ́ríkà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ti bàbá mi lọ ṣì ń sáré lójú títì, nítorí pé ẹni tí kò rí tuntun rà ti kọ́ bí a ṣe ń tún ògbólógbòó ṣe. Iná mànàmáná náà ń lọ níbẹ̀. Ará Nàìjíríà tó bá débẹ̀ kò ní ya ẹnu.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé, kì í sì í ṣe mọ́tò, ló dá mi dúró lójú ọ̀nà. Àwọn ènìyàn kan ni, tí wọ́n wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀: fìlà funfun, gèlè funfun, bàtà funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n tò sídìí ọkọ̀ èrò bí gbogbo ènìyàn. Wọ́n ń ra búrẹ́dì bí gbogbo ènìyàn. Mo bi ẹni tó ń mú wa rìn léèrè pé àwọn wo nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi dá mi lóhùn: “Iyawó.” Ìyàwó òrìṣà ni wọ́n, tọkùnrin tobìnrin wọn. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń wọ funfun lẹ́yìn tí a bá ti dá òṣù sí wọn lórí. Mo wá bi ara mi pé, nílẹ̀ wa níbí, mélòó nínú àwa ọ̀dọ́ ló lè wọ ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà lọ síbi iṣẹ́ láì fi ọwọ́ ẹ̀wù bò ó?

Kò jìnnà sí Capitolio, ilé ńlá olórùlé rìbìtì tí wọ́n kọ́ parí ní 1929, ni ilé Ẹgbẹ́ Àṣà Yorùbá ti Kúbà wà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà nínú rẹ̀ tí ère àwọn òrìṣà tò sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọbàtálá ń jẹ́ Obatalá níbẹ̀, Ṣàngó ń jẹ́ Changó, Yemọja ń jẹ́ Yemayá, Ọ̀rúnmìlà ń jẹ́ Orula. Èdè Sípéènì kò ní gbólóhùn “gb”, kò sì ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Síbẹ̀, ta ni nínú wa tí kò ní dá àwọn orúkọ wọ̀nyí mọ̀? Níbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, àwọn babaláwo ìlú náà á péjọ, wọ́n á dífá fún ọdún tuntun. Wọ́n á kéde Odù tó jáde, òrìṣà tí yóò ṣàkóso ọdún, àti ohun tí ó yẹ kí àwọn ènìyàn ṣọ́ra fún. Letra del Año ni wọ́n ń pe ìkéde náà, àní ẹni tí kò bọ òrìṣà á fẹ́ gbọ́ ohun tí Ifá sọ.

Lọ́jọ́ kẹta, a wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré, a sọdá èbúté lọ sí Regla. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Mo rí obìnrin àgbàlagbà kan tó ju owó ẹyọ sínú omi, tó sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí a ti gúnlẹ̀, ilé ìjọsìn àwọn Àgùdà ló kọjú sí wa. Ère Màríà tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú tó gbé ọmọ aláwọ̀ funfun lọ́wọ́; aṣọ búlúù ni wọ́n wọ̀ fún un. Àwọn ọmọ òrìṣà mọ̀ ọ́n sí Yemọja, ọjọ́ keje oṣù kẹsàn-án sì ni ọdún rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, ọjọ́ kẹjọ, ni wọ́n ń ṣọdún Màríà ti El Cobre, tí wọ́n mọ̀ sí Ọ̀ṣun, tó sì jẹ́ alábòójútó gbogbo Kúbà. El Cobre wà ní ìhà ìlà-oòrùn erékùṣù náà, ọjọ́ wa kò sì tó láti débẹ̀.

Regla yìí kan náà ni Adéṣínà gbé. Wọ́n kó o lẹ́rú láti ilẹ̀ wa, àwọn olówó rẹ̀ sọ ọ́ ní Remigio Herrera, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣeé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Babaláwo ni. Nígbà tó gba òmìnira, ó ní ilé, ó kó àwọn ènìyàn jọ, ó sì tẹ àwọn mìíràn nífá. Ó papò dà ní 1905. Ọ̀pọ̀ ìdílé Ifá ní Kúbà títí dòní ló ń ka ìran wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ní Regla, babaláwo àgbà kan gbà wá lálejò nílé rẹ̀. Ó so ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ọwọ́ òsì. Kí ó tó ṣe ohunkóhun, ó ta omi sílẹ̀, ó júbà. “Moyuba” ni wọ́n ń pè é. Ó dárúkọ àwọn babaláwo tó ti kú ṣáájú rẹ̀, ó ń sọ̀kalẹ̀ láti ìran dé ìran títí tó fi dé orí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kan obì, àgbọn ni wọ́n gbé wá, ègé mẹ́rin. Obì kò wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn baba wọn wo àyíká, wọ́n rí àgbọn, wọ́n sì sọ ọ́ ní obì. Ó ka Odù fún mi láti orí Eyiogbe, tí í ṣe Èjì Ogbè. Ó ní bí Ifá kò bá sọ ire, a ó bi í bóyá ikú ni, tàbí àrùn, tàbí ẹjọ́, tàbí òfò. Orúkọ ajogun wa ló ń dá yẹn, létí òkun tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà, a lọ sí ẹkùn Matanzas. Àwọn àlejò mìíràn ń lọ síbẹ̀ nítorí ihò Bellamar, ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ṣàwárí ní 1861, àti nítorí rumba, ijó àti ìlù tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún rẹ̀ ní 2016. Àwa lọ sí Triunvirato. Oko ìrèké àti ẹbu ṣúgà ni ibẹ̀ nígbà kan rí. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú dìde sí olówó wọn níbẹ̀. Obìnrin kan wà lára àwọn aṣáájú wọn, Carlota ni orúkọ tí wọ́n fún un. Lukumí ni, ìyẹn ni pé ọmọ Yorùbá ni. Wọ́n pa á nínú ìjà náà. Ère rẹ̀ wà níbẹ̀ lónìí, àdá lọ́wọ́. Nígbà tí Kúbà rán ọmọ ogun lọ sí Àǹgólà ní 1975, orúkọ obìnrin yìí ni wọ́n fi pe ogun náà. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní Kúbà. Mo dúró lórí ilẹ̀ pupa yẹn, mo fi omi tútù jùbà rẹ̀. A kò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tó ká mi lára rèé. Àwọn tí wọ́n kó lọ kò ní ilẹ̀, wọn kò ní ọba, wọn kò ní ìwé, wọn kò sì láṣẹ lórí ara wọn. Síbẹ̀ wọ́n pa Odù mọ́. Àwa ní ilẹ̀, a ní ọba, a ní èdè. Igbó òrìṣà la sì ń tà fún àwọn tó ń kọ́lé. Ẹni tó ń jẹ́ Ifáṣọlá ti di Olúṣọlá kí ó tó jáde ilé ẹ̀kọ́. Bí bàbá arúgbó kan bá kú lónìí pẹ̀lú ẹsẹ Ifá nínú, kò sí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ilé tó jó kò dùn wá tó bẹ́ẹ̀ mọ́, torí a ti rò pé ìlú òyìnbó ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Èyí tó wà lọ́hùn-ún kò lè rọ́pò tilé. Àwọn ará Kúbà fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá sọ́dọ̀ wa láti béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń kà láti ìran baba wọn.

Báwo la ṣe ń gbà wọ́n? Àwọn kan nínú wa máa ń rẹ́rìn-ín sí ìpè wọn. Àwọn mìíràn máa ń ka iye dọ́là kí wọ́n tó ka Odù. Àlejò tó ti Kúbà wá kì í ṣe ọjà tí a ó jèrè lórí rẹ̀. Ọmọ ìyá tó sọnù ni, tó ń wá ọ̀nà ilé. Òótọ́ ni pé ohun kan yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé Ifá wọn, wọn kì í tẹ obìnrin nífá, nígbà tí ìyánífá jókòó láàrin wa níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a jókòó sọ ọ́ bí ọmọ ìyá, kí ẹnikẹ́ni má pe ẹnìkejì ní òpè. Ẹni tó fi àgbọn dípò obì kí ìbéèrè má baà parẹ́ kì í ṣe òpè.

Mo bẹ ìgbìmọ̀ ọdún pé kí a ṣe ohun mẹ́ta. Èkíní, kí àwa ọ̀dọ́ tó kàwé gba ohùn àwọn àgbà wa sílẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, kí ó má di ohun tí a ń fi iyèméjì pè. Èkejì, kí a máa kọ́ àwọn tó ń ti òkèèrè wá ní èdè Yorùbá nígbà ọdún, lọ́fẹ̀ẹ́, kí ohùn lè padà sórí ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀kẹta, kí owó ìtẹ̀fá jẹ́ èyí tí a lè sọ ní gbangba, ìbáà ṣe fún ọmọ ilé, ìbáà ṣe fún àlejò.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Kúbà: ẹ tètè wá ìwé ìwọ̀lú, ẹ kọ́ Sípéènì díẹ̀, ẹ má ya fọ́tò ojúbọ ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ, ẹ mú ìwé Yorùbá dání, torí ó níyì níbẹ̀ ju aṣọ lọ. Bí ẹ bá sì dé ilé babaláwo, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ júbà, kí ẹ tẹ́tí sí àwọn orúkọ tó ń pè. Àwọn baba wa ni.

Ifá á gbè wá. Àwọn tó wà lókèèrè kò ní ṣìnà ilé, àwa tí a wà nílé kò sì ní ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àṣèyí ṣàmọ́dún, àṣèṣetúnṣe.

Àbọrú, àbọyè.