Ìdí tí Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ fi kọ̀ tí kò kú

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ṣakí

Akọ̀wé ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn ọkọ̀ ọ̀gá tí ó di kúẹ́rì, nítorí pé oríṣiríṣi ni àwọn ènìyàn ń sọ kiri. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé wọ́n sa oògùn sí ọkọ̀ náà ni. Kì í ṣe oògùn. Afẹ́fẹ́ ni.

Gbogbo wa la mọ ọkọ̀ náà. Mẹ̀sí 240D ni, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Mercedes-Benz bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ilẹ̀ Jámánì ní 1976, tí wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ ní 1986. Bọ̀gìnnì ni láyé ìgbà náà. Bí ẹnìkan bá gùn ún wọ ìlú, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀lé e. Lónìí, èyí tí ó kéré jù nínú wọn ti tó bí ẹni ogójì ọdún. Irin rẹ̀ ṣì le, ṣùgbọ́n rọ́bà kì í ṣe irin, pàápàá ní ilẹ̀ tiwa níbí tí ọyẹ́ ti ń la ètè ènìyàn, tí oòrùn sì ń yan pákó.

Ẹ jẹ́ kí a sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ wa kan, bàbá tí ó ti ń wakọ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gba iṣẹ́, gbé àlejò ilé-iṣẹ́ lọ sí Ìsẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó yọ ọ́ sọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ lọ ràì. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, pàbó ni. Ó wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ó kì í sí jíà kẹrin, ó sì fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n jìgìjìgì, ó kú. Àlejò bínú, ó lọ rojọ́. Lọ́jọ́ kejì kúẹ́rì dé: wọ́n ní bàbá fi ìwàkuwà ba páǹpù nọ́sù jẹ́, wọ́n ní owó àtúnṣe rẹ̀ yóò máa jáde nínú owó oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà gbáko.

A kì í ṣe mẹkáníìkì ọkọ̀. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ni a ń tún ṣe, ìwé mẹ́fà ni a kà, ìyókù ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá kọ iṣẹ́, ẹ̀rọ ni a kọ́kọ́ ń bi léèrè. Nígbà tí a dé ilé bàbá, a kò bi í pé kí ni ó ṣe. A bi í pé kí ni ọkọ̀ ń ṣe. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, kì í kọ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi wálẹ̀, tí gbogbo ilẹ̀kùn tì, tí mo wá yí kọ́kọ́rọ́, ó máa ń kú. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí, kò ní kú." A ní, "Bàbá, ẹ ti gbé wa dé ìdajì ọ̀nà." Kò sí ẹnìkankan ní ọ́fíìsì tí ó bi í ní ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó kọ kúẹ́rì.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ bàbá fi wúlò nìyí. Ẹ́ńjìnnì tí ń lo pẹtiróòlù, iná púlọ́ọ̀gì ni ó ń mú un ṣiṣẹ́. Bí a bá pa iná, ó parí. Dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná débi pé dísù yóò gbiná fúnra rẹ̀. Bí ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, bí ẹ yọ bátìrì pàápàá, bí dísù bá ṣì ń wọlé, ẹ́ńjìnnì kò ní kú. Dísù gan-an ni a gbọ́dọ̀ dí. Nínú Mẹ̀sí yìí, ohun tí ń dí i ni agbára tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fákúùmù.

Ẹ ti rí àwọn tí ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ ní ọjà. Ó gbé ìwo lé ènìyàn lẹ́yìn, ó fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó sì dí ihò ṣóńṣó rẹ̀. Ìwo lẹ̀ mọ́ ara pinpin. Kì í ṣe pé ìwo ní ọwọ́. Afẹ́fẹ́ tí ó wà ní ìta ni ó ń tẹ̀ ẹ́, nítorí pé inú rẹ̀ ṣófo. Bí ihò bá jò bí ó ti wù kí ó kéré mọ, ìwo á jábọ́. Olùkọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ sọ fún wa nípa Otto von Guericke, ará Magdeburg ní Jámánì. Ní 1657 ó pa ìdajì bọ́ọ̀lù irin méjì pọ̀, ó fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde, ó so ẹṣin 16 mọ́ ọn, mẹ́jọ níhìn-ín, mẹ́jọ lọ́hùn-ún, kí wọ́n fà á ya. Ó nira fún wọn gidigidi. Nígbà tí ó jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ó tú fúnra rẹ̀.

Páǹpù kan wà níwájú ẹ́ńjìnnì Mẹ̀sí yẹn tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Láti ara rẹ̀ ni họ́òsì ńlá kan ti lọ sí bíréèkì, tí àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ sì yà lára rẹ̀. Ọ̀kan lọ sí ibi kọ́kọ́rọ́, láti ibẹ̀ sí ẹ̀yìn páǹpù nọ́sù, níbi tí ohun kékeré kan wà tí ń dí dísù bí a bá yí kọ́kọ́rọ́. Àwọn aláwọ̀ yẹ́lò lọ sí àwọn ilẹ̀kùn, nítorí pé fákúùmù náà ni ó ń ti ilẹ̀kùn, òun náà ni ó ń ṣí i. Orísun kan náà ni gbogbo wọn ń mu. Ẹ wò ó bí ilé tí ó ní ẹ̀rọ omi kan: bí ẹnìkan bá ṣí omi sílẹ̀ ní bàlùwẹ̀, ti ilé ìdáná á máa ṣe ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lè mú kí ẹ́ńjìnnì iwájú má kú.

Họ́òsì méjì ni ó sì ń wọ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún títì, ọ̀kan fún ṣíṣí. Bí ilẹ̀kùn bá tì, ti títì ni fákúùmù wà nínú rẹ̀. Bí bàbá ṣe ní ó ń kú tí ilẹ̀kùn bá tì, ti títì kò jò. Ti ṣíṣí ni kí a lọ wá.

A mú mẹkáníìkì kan dání, a sì ní kí ẹnìkan láti ọ́fíìsì tẹ̀lé wa kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Mẹkáníìkì kọ́kọ́ fi gééjì sí ẹnu páǹpù, ó ju 20 ínṣì lọ, nítorí náà páǹpù yè. Ó yọ họ́òsì yẹ́lò tí ó lọ sí àwọn ilẹ̀kùn kúrò, ó fi bóòtù kékeré dí ojú ibi tí ó ti yọ ọ́. Ó ní kí bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kú lójú ẹsẹ̀, fẹ́ẹ́. Ẹni tí ó wá láti ọ́fíìsì ní kí a tún un ṣe. A tún un ṣe ní ìgbà mẹ́ta, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kú. Páǹpù nọ́sù tí wọ́n ní bàbá bà jẹ́, kò sí ohun tí ó ṣe é.

Ó kù kí a mọ ilẹ̀kùn tí ó jẹ̀bi. Ó ní páǹpù ọwọ́ kan tí ó ní gééjì. Ó fi í fa họ́òsì ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ gééjì dúró digbí. Nígbà tí ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn apá òsì, ọwọ́ gééjì ń sọ̀ kalẹ̀ bí omi inú agbè tí ó là. A tú bébà ilẹ̀kùn náà, a sì bá rọ́bà tí ó wà nínú ohun tí ń ṣí i, ó ti gbẹ, ó ti sán. Ẹni tí kò bá ní páǹpù ọwọ́ lè nu ẹnu họ́òsì dáadáa, kí ó fi ẹnu fà á, kí ó sì fi ahọ́n dí i. Bí ó bá di ahọ́n mú, kò jò. Dísù kò dùn lẹ́nu o, àwa ti tọ́ ọ wò, nítorí náà ẹ nù ún.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Họ́òsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó jò kì í sábà pa bíréèkì, nítorí pé ojú ihò rẹ̀ kéré, fáàfù kan sì wà lójú ọ̀nà bíréèkì tí kì í jẹ́ kí fákúùmù padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ họ́òsì ńlá ni ó jò, tàbí rọ́bà inú páǹpù ni ó ya, bíréèkì á le bí òkúta. Ẹsẹ̀ ẹnìkan lásán ni yóò kù láti dá ọkọ̀ dúró, màlúù sì ń sọdá ní ọ̀nà Ọ̀tu láìwo ẹnikẹ́ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò kú, ẹ yẹ bíréèkì wò kí ẹ tó tún gbé ọkọ̀ náà jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ sì tàn án. Bí ó bá rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, ó yè. Bí ó bá dúró bí ó ti le, ẹ má gbé e lọ sí ibìkankan, kódà bí ọ̀gá bá ń pariwo.

Bàbá kò sì nílò kí ó ki jíà bọ̀ ọ́. Irin pelebe kan wà lórí ẹ́ńjìnnì dísù Mẹ̀sí yẹn tí wọ́n kọ STOP sí. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò kú. Ẹ ṣọ́ fáànù, ẹ ká ọwọ́ aṣọ yín. Kò sí ẹni tí ó fi irin yẹn han bàbá rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ní kọ́kọ́rọ́.

Ti àwọn tí ń wa onípẹtiróòlù, bí fákúùmù bá jò, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ọkọ̀ bá dúró, ẹ ó sì máa gbọ́ fíìì. Ẹ fi họ́òsì gígùn kan sí etí, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ kejì wá ibi tí ó ti ń dún. Àwọn kan máa ń wọ́n pẹtiróòlù sí i láti mọ ibi tí ó ń jò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é sí ọkọ̀ tí ẹ ń wà. Ẹ́ńjìnnì gbígbóná ni o.

Nígbà tí a padà dé ọ́fíìsì, a gbé Òfin Òṣìṣẹ́ ti 1974 dání. Abala karùn-ún rẹ̀ sọ pé agbanisíṣẹ́ kò lè yọ owó oṣù òṣìṣẹ́ nítorí ohun tí ó bàjẹ́, àfi bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìtọ́ tàbí tí ó ṣe àìbìkítà, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda nínú ìwé lọ́wọ́ lébà ọ́físà ìjọba. Kò sí ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n fa kúẹ́rì wọn padà, wọ́n sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ó wà nínú fáìlì ẹgbẹ́.

Ohun kan ṣì ń dùn wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó lọ sí Ìsẹ́yìn ni bàbá ti sọ fún wọn pé ọkọ̀ ń kọ̀ láti kú. Ẹnu ni ó fi sọ ọ́. Bí ó bá wà nínú ìwé, kúẹ́rì yẹn kò bá má wáyé rárá. Akọ̀wé ti ra ìwé àkọsílẹ̀ 12, ọ̀kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó lọ lónìí. Ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ohun tí ẹ rí, kí ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí ó wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ti Mẹ̀sí náà, wọn kò tíì ra rọ́bà tuntun. Bóòtù kékeré yẹn ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ ni bàbá sì fi ń ti àwọn ilẹ̀kùn.