Gbàyè Lọ́wọ́ Ọ̀gá, Má Purọ́

   

Ọ̀rọ̀ tòní kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń pa èèyàn. Dókítà dá ọjọ́ fún ọ, ọjọ́ iṣẹ́ sì ni. Kí lo máa sọ fún ọ̀gá rẹ?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé òṣìṣẹ́ kan wà ní Ìràwọ̀ níbí tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ní kó wá sí ọsibítù ní Ṣakí ní Àlàmísì. Kó wọ mọ́tò, kó tò sórí ìlà, kó gba oògùn, ọjọ́ ti lọ. Ẹ̀rù ọ̀gá ń bà á, ló bá ní ìyá ìyàwó òun kú. Tí wọ́n bá tún dá ọjọ́ mìíràn, ta ni yóò kú? Ẹlòmíràn ò ní purọ́, kò kàn ní í lọ ni. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo; ara lè le koko títí rọpárọsẹ̀ á fi dé.

Ẹ̀yin ará, ẹ rántí Súrà Bákárà, áyà 185. Ààwẹ̀ tí à ń gbà yìí, ti Ọlọ́hun ni, síbẹ̀ Ó yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó gbà á lọ́jọ́ mìíràn. Bí Ẹlẹ́dàá bá gbọ́ ti àìsàn, kí ló dé tí wàá fi purọ́ fún ẹ̀dá bíi tìẹ? Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ka irọ́ mọ́ àmì mẹ́ta tí a fi ń dá munaafiki mọ̀.

Nítorí náà, gbàrà tí wọ́n bá ti kọ ọjọ́ sí káàdì rẹ, lọ bá ọ̀gá níkọ̀kọ̀. Wí pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní àyẹ̀wò lọ́sibítù ní Àlàmísì tó ń bọ̀. Ẹnìkejì mi á bá mi mójú tó iṣẹ́.” Ó tó. Kò di dandan kó o dárúkọ àìsàn. Bí wọ́n bá bèèrè káàdì, fi hàn wọ́n. Tí dókítà bá sì tètè dá ọ sílẹ̀, má yà sọ́jà. Àmánà ni àkókò yẹn.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gbọ́ tiyín náà. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti 1974, abala 16, ní bí àìsàn tí dókítà jẹ́rìí sí bá dá òṣìṣẹ́ dúró, kó gba owó rẹ̀ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe sàárà. Ẹ bò ó láṣìírí pẹ̀lú. Ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ olóòótọ́ ló ń kọ́ àwọn yòókù ní irọ́.

Ọlọ́hun á fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, á sì fi òótọ́ sí wa lẹ́nu. Àmín. Àsàlámù aláékùm wa ràmótúlàhì wabarakátù.