Ìrora Ìgbáròkó, Orúnkún àti Ẹsẹ̀: Ìtọ́jú Tí Kò Béèrè Ọ̀bẹ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Àwọn baba wa wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n báwo ni àgbà yóò ṣe dé ọjà nígbà tí orúnkún kò gbé e mọ́? Àwọn àgbà kan wà tí kò lè wá sí ìpàdé mọ́, kì í ṣe pé ìfẹ́ ìlú tán nínú wọn, bí kò ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n.

Ohun tí ó sábà ń fà á fún àgbàlagbà ni àrùn oríkèé ríro. Ohun dídán kan ni ó bo orí egungun níbi tí egungun méjì gbé pàdé, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ohun náà a máa fẹ́lẹ́ sí i, oríkèé a sì máa le. Kì í ṣe aráyé ni ó fi ń bá wọn jà, ọ̀pọ̀ wọn kò sì nílò iṣẹ́ abẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ọ̀wọ̀ tí a ń fún àwọn àgbà wà lára ohun tí ń dá wọn jókòó. Bí ìyá bá ti ní orúnkún ń dun òun, a ó ní, “Ẹ jókòó, Mà, ẹ má ṣe nǹkan kan mọ́.” Ṣùgbọ́n iṣan itan ni ó ń gbé orúnkún ró. Bí a kò bá lò ó, yóò rọ, gbogbo ẹrù yóò wá wọ oríkèé lọ́rùn, ìrora yóò sì pọ̀ sí i.

Ìrìn àti ìnara ni ìtọ́jú àkọ́kọ́. Kí àgbà jókòó sórí àga, kí ó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, kí ó ka oókan dé àárùn-ún, kí ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ìgbà 10 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìrora díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé oríkèé ń bàjẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù, kí ó dín in kù, kí ó má ṣe dáwọ́ dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó lè tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí a tó rí èrè rẹ̀.

Èkejì ni ara tí ó sanra jù. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005 fi hàn pé bí ènìyàn bá fi kílò 1 fúyẹ́ sí i, nǹkan bí kílò 4 ni ó ń kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá. Bí orúnkún ọ̀tún bá ń dùn, ọwọ́ òsì ni kí a fi mú un. Ọ̀pá kì í ṣe àbùkù. Ṣebí àwọn ọba wa pẹ̀lú ń mú ọ̀pá?

Ẹ̀yin ọmọ wa lẹ́yìn odi, a mọ rírì ẹ̀bùn yín. Ṣùgbọ́n oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac, bí àgbà bá ń lò ó lójoojúmọ́ láìsí àbójútó, lè dá ọgbẹ́ sí inú, kí ó ba kíndìnrín jẹ́, kí ó sì mú ẹ̀jẹ̀ ru. Ẹ kúkú fi owó rẹ̀ rán àwọn òbí yín lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ físíò. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà, ilé ìwòsàn egungun ní Ìgbòbì, Èkó, sì ti wà láti 1945.

Síbẹ̀, àwọn àmì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi falẹ̀: bí oríkèé bá gbóná tí ibà sì wà, bí ènìyàn bá ṣubú tí kò lè dìde dúró, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá ṣàdédé wú, tàbí bí ìrora bá ti ìbàdí wá sí ẹsẹ̀ tí aláìsàn kò sì lè mú ìtọ̀ dúró. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ìgbáròkó bá sì ń dun ọ̀dọ́ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, kí dókítà tètè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin ará, bí a bá padà délé, kí a má ṣe gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí wa. Ẹ jẹ́ kí ìyá gbá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí bàbá rìn lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ọmọ-ọmọ sì máa bá a lọ. Ọlọ́run yóò mú kí ẹsẹ̀ àwọn àgbà wa le, kí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sí ìpàdé ọdún tí ń bọ̀.